Kí Ni A Ń Fi Dé Oúnjẹ Wa?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ilé ìdáná, mo ní ọ̀rọ̀ ọmọrí ìkòkò ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ń gbé Port Harcourt láti ìparí ọdún 2016 kò ní rẹ́rìn-ín pẹ́.

Ìgbà náà ni eruku dúdú tí gbogbo wa ń pè ní súùtì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé wa lórí. Ẹ fi ìka nu ojú fèrèsé, ìka á dúdú. Ẹ sá aṣọ funfun, ẹ ó tún un fọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì lábẹ́lẹ̀ nínú igbó wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kpo-fire. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, pàṣẹ pé kí wọ́n tú àwọn ibùdó náà ká. Ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn. Tèmi ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2017, mo ká aṣọ ìnuwọ́ funfun tí mo fi bo abọ́ ẹ̀fọ́ lálẹ́, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ká ní n kò bò ó ni, inú àwọn ọmọ ni ìdọ̀tí yẹn ìbá lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rán ìbòrí fún gbogbo abọ́ ilé mi. Àjẹkù ankara aṣọ ẹbí ni mo ń lò, ó sì dájú pé kò sí ilé kankan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní. Ẹ da ojú abọ́ dé orí aṣọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á yípo, ẹ fi ìnṣì méjì kún un kí ẹ tó gé e. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ rán an, kí ẹ wá ti ìlásítíìkì bọ inú rẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ funfun tẹ́ inú, nítorí funfun kì í bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ ankara tuntun títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà kán sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná àti ọṣẹ ti tó. Inú ilé ni kí ẹ sá a sí o! Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Aṣọ yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí ọmọrí kò lè ṣe: ó ń jẹ́ kí ooru jáde. Ibi tí mo ti kọ́ èyí dùn mí. Ní ọdún 2012, lẹ́yìn àsè kan, mo bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣẹ́ kù sínú kúlà lálẹ́, mo dé e pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́, kò rùn, kò kan. Mo tún gbé e kaná, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ lọ sílé ìwé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti pè mí pé àbíkẹ́yìn mi ń bì, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde. Ọjọ́ méjì la lò ní ọsibítù. Dókítà kò bi mí ju ìbéèrè kan lọ: "Ìyá, ìrẹsì yẹn, báwo lẹ ṣe tọ́jú rẹ̀?"

Òun ló ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò àìfojúrí kan wà tí í máa bá ìrẹsì gbé, tí ẹyin rẹ̀ kì í kú sínú omi híhó. Bí ìrẹsì bá ti lọ́ wọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò pa, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu oró sínú oúnjẹ. Bí a tún gbé e kaná, kòkòrò lè kú, oró rẹ̀ kò ní lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ṣe lò ju wákàtí méjì lọ níta. Kó gbóná ju 60°C lọ, tàbí kó tutù ju 5°C lọ. Nítorí náà, kúlà dára láti gbé oúnjẹ gbígbóná lọ sóde, kì í ṣe ohun tí a ń fi oúnjẹ sùn nínú rẹ̀. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ fi aṣọ bò ó kó fẹ́, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná, ẹ se ìwọ̀n tí yóò tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti rọ́bà áísìkiriimu, ẹ̀yin ọmọ wa, a tọrọ àforíjì. A mọ̀ pé ó máa ń dùn yín tí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá ẹ̀gúsí. Ó dára fún ohun tútù. Ẹ má ṣe da ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀, tàbí sínú ọ̀rá.

Ankara kò lè dá eku dúró. Ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti ọdún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń wá. Gààrí ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí èyí tí a fi omi tútù mu kò tún kan iná mọ́. Nǹkan tó bá ní ọmọrí tó le ni kí ẹ kó o sí: agolo mílíìkì ńlá tàbí rọ́bà kọ́sítádì. Péńtì tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀ rí, ẹ má kó oúnjẹ sí i.

Fún ẹ̀wà, ìgò omi tàbí kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ ti fọ̀ tó gbẹ ló dára jù. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu, ẹ dé e kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ yóò lo ìwọ̀nba atẹ́gùn tó bá níbẹ̀ tán, wọn yóò sì kú. Kò sí ìdí láti wọ́n Sniper sí i. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ nítorí ìṣekúṣe tí a ń fi í ṣe.

Ẹnìkan lè bi mí nípa ìkòkò méjì tí a fi yanrìn tútù sí àárín wọn. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000, ìgbá rẹ̀ sì pé ọjọ́ 27 dípò mẹ́ta. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ló ń mú un tutù, bíi àmù àwọn ìyá wa, atẹ́gùn ilẹ̀ Hausa sì gbẹ. Tiwa níhìn-ín kún fún ọ̀rinrin, ní pàtàkì lásìkò òjò, nítorí náà kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀. Ògì ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún láìsí fíríìjì: ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Mo mú ìbòrí mẹ́ta dání wá lónìí. Wọ́n wà lórí abọ́ mọ́ínmọ́ín níbi tábìlì oúnjẹ. Ẹ yí wọn padà kí ẹ wo bí mo ṣe rán inú wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn padà sórí abọ́.