Níbo ni kí a de servo autopilot mọ́ nínú bàálù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn?

Ẹni tó ń wakọ̀ láti Aráròmí-Obù lọ sí Orè mọ̀ pé bí sítíárìn bá há, bíréèkì ṣì wà, ẹ̀bá ọ̀nà náà sì wà. Òfurufú kò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ìdí rèé tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọn yóò de servo mọ́.

Irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í kan Air Beetle fún Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú, kí wọ́n lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bàálù wíwà. RV-6A ni wọ́n tún ṣe di Air Beetle. Bàálù ẹlẹ́ni méjì ni, Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ló ṣètò rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ nígbà náà lè ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí ó tò ó pọ̀ ní ilé ara rẹ̀. Àwọn bàálù RV tí ènìyàn ti tò báyìí, tí wọ́n sì ti fò, lé ní 10,000.

Servo ni ọwọ́ autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di bàálù mú kí apá rẹ̀ lè sinmi. (Ẹ̀rọ náà ti pẹ́ láyé: ní ọdún 1914, Lawrence Sperry gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú bàálù lórí odò Seine nítòsí Paris, bàálù náà kò sì yẹ̀.) Mọ́tò iná kékeré tó ní apá kúkúrú ni servo. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so apá yìí mọ́ àwọn ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń darí bàálù. Ọ̀kan wà fún títẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, èyí sì lè wà nínú ìyẹ́ tàbí lábẹ́ ìjókòó. Èkejì, tó ń gbé imú sókè tàbí sílẹ̀, sábà máa ń wà lẹ́yìn ibi ẹrù.

Ewu tó tóbi jù wà nínú apá kúkúrú yẹn. Bí ó bá yí títí tí òun àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà fi wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ó lè há síbẹ̀, agbára awakọ̀ kò sì ní lè fà á padà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó yí ju nǹkan bí digírì 60 lọ láti àárín, bí awakọ̀ tilẹ̀ ti ọ̀pá ìdarí dé òpin. Bí apá náà bá gùn sí i, yíyí rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n agbára tí servo fi ń tì yóò dínkù pẹ̀lú. Èyí ni ó ń mú kí ibi tó dà bíi pé ó rọrùn jù lójú má ṣe é lò nígbà mìíràn.

Ibi tí a bá de é mọ́ gbọ́dọ̀ le. Bí ó bá jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, páànù yóò kọ́kọ́ tẹ̀ kí ọ̀pá tó mira, bàálù yóò sì máa fì lọ fì bọ̀ láìdúró. Òòfà inú mọ́tò náà lè ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà, nítorí náà servo inú ìyẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kọ́ńpáàsì oníná tí a bá fi sí ṣóńṣó ìyẹ́ kan náà. Èyí tó wà lẹ́yìn ibi ẹrù ń dá kún ìwúwo ìdí bàálù. A ní láti tún bàálù wọ̀n. Ti abẹ́ ìjókòó rọrùn láti yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ há.

Kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, ẹnì kan yóò ti ọ̀pá ìdarí dé gbogbo òpin rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sí servo láti wò bóyá ohunkóhun ń fara kan ọ̀pá tàbí wáyà. Lẹ́yìn náà, wọn yóò tan autopilot, awakọ̀ yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ borí rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá borí rẹ̀, wọn yóò tú u sílẹ̀.