Ìyanu, Ọmọ Ilé Wa

Ọ̀gbẹ́ni Roye Okupe, tí a bí ní ìlú Èkó, fẹ́ ṣe eré àwòrán tí ń rìn, ṣùgbọ́n kò rí olówó tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kò káwọ́ gbera. Ìwé ìtàn aláwòrán ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ní 2021 ni ìwé *Iyanu* jáde, ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan nínú àṣà Yorùbá. Ní 2025 ó di eré lórí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network ní Amẹ́ríkà.

A kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Eko Ende, a bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya ìtàn odò Ọ̀tìn tí a sé ní ìlú yín, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.