Ìjáfáfá Ọwọ́ Tàbí Àkóónú Orin? Àríyànjiyàn lórí Gìtá Títa nínú Jáàsì Àmúlùmálà

Ìfáárà

Àkóónú àti ìlò èdè wà lára ohun tí àwọn lámèyítọ́ máa ń yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Irú òṣùwọ̀n yìí wà nínú orin pẹ̀lú, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ gìtá nínú jáàsì àmúlùmálà. Ìhà kan gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ni ọ̀gá. Ìhà kejì ní ìyára lásán kì í ṣe orin. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé ìjáfáfá àti àkóónú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Iṣẹ́ tí ìjáfáfá ń ṣe nínú orin ni ó yẹ kí olùgbọ́ wádìí.

Orísun Jáàsì Àmúlùmálà

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni àwọn olórin jáàsì ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í da jáàsì pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì àti fọ́ńkì, tí wọ́n sì ń lo gìtá oníná àti dùrù oníná. Miles Davis, gbajúmọ̀ afọnfèrè ará Amẹ́ríkà, gbé àwo orin In a Silent Way jáde ní 1969, Bitches Brew sì tẹ̀lé e ní 1970. John McLaughlin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta gìtá nínú méjèèjì. Ní 1971, ó dá ẹgbẹ́ Mahavishnu Orchestra sílẹ̀. Ìyára ọwọ́ àti ariwo gìtá wọn ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀sùn Àwọn Alátakò

Al Di Meola jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Return to Forever ti Chick Corea ní 1974. Ó máa ń ta ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìyára ńlá. Ní 1980, òun, McLaughlin àti Paco de Lucía ará Sípéènì ta gìtá papọ̀ ní San Francisco. Àwo tí wọ́n fi ṣe jáde ní 1981. Ariwo ayọ̀ àwọn òǹwòran wà nínú àwo náà. Àwọn alátakò ní ìdíje ọwọ́ lásán ni. Ẹ̀sùn yìí ní ìdí kan: ìyára ṣeé kà, ìtumọ̀ kò ṣeé kà. Ẹni tí kò mọ orin rárá lè mọ̀ pé ọwọ́ yá, nítorí náà ìyára ni ó máa ń tètè gba ìyìn.

Ìjáfáfá Tí Ó Ní Ìdí

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Allan Holdsworth (1946–2017) fi hàn pé ẹ̀sùn náà kò kan gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Sasofóònù ni ó kọ́kọ́ wu Holdsworth, ṣùgbọ́n gìtá ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí a bá ta okùn gìtá, ohùn rẹ̀ a ta kíkan, a sì rọ. Ti èémí inú fèrè kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìka ọwọ́ òsì ni Holdsworth fi ń mú ọ̀pọ̀ ohùn jáde láìta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ń ṣàn bí èémí. Ohun tí ó ń gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni ó bí ìjáfáfá rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọwọ́ náà láìní irú òǹgbẹ bẹ́ẹ̀, àwòkọ lásán ni ó ṣe.

McLaughlin pẹ̀lú sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe In a Silent Way. Davis ní kí ó ta gìtá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ó rọra ta ìwọ̀nba ohùn díẹ̀, èyí sì ni Davis lò nínú orin náà. Ọwọ́ kan náà ni ó sáré ní 1971. Ìdákẹ́jẹ́ ti 1969 kì í ṣe àìlèṣe, yíyàn ni. Ẹni tí ó lè sáré nìkan ni a lè sọ pé ó yàn láti rọra rìn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùgbọ́ bèèrè ni pé, bí wọ́n bá yọ ìdajì àwọn ohùn yìí kúrò, kí ni orin yóò pàdánù? Bí kò bá pàdánù ohunkóhun, àṣehàn ni. Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ èdè náà. Olùkọ́ tí ó ń ka iye àfiwé inú ewì akẹ́kọ̀ọ́, láìbèèrè iṣẹ́ tí àfiwé kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ìyára ọwọ́ ni ó ń fún ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ.