Ìyá Ìkókó Tí Kò Sùn: Ohun Tí A Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì Tí Ń Tọ́jú Alárùn Ọpọlọ

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, a ó dúró wò ó, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá wọ ilé ẹni, ẹ̀rín yóò tán lẹ́nu. Ìtìjú yóò dé, ìbẹ̀rù yóò dé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aláìsàn náà kiri lóru kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn ìdílé sọ lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Inú ìjọ tiwa ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwa alára sì ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ tí a ń bójú tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin làǹtì-lanti. A sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu, a sì yin Olúwa. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ rẹ̀ fi sáré wá bá wa ní kùtùkùtù. Ó ní ìyàwó òun kò sùn láti òru mẹ́rin. Ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà láìdánudúró, ó ń gbálẹ̀ ilé ní agogo méjì òru, ó sì ń wí pé ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun kọ́ ni òun bí, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ni àwa ṣe? A gbàdúrà, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n a fi ohun mìíràn kún un. A ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì wá máa bá wa ṣe ìṣọ́ òru nínú ilé ìjọsìn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ọmọ ń fa ọyàn rẹ̀, tí oorun ti dá lójú rẹ̀, àwa ni a tún ní kó má jẹun, kó má sì sùn! A kò ṣe é nítorí ìkà. Àìmọ̀ ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a lọ, a kọ́ bí a ti í wàásù, bí a ti í sin òkú, bí a ti í so tọkọtaya pọ̀. A kò kọ́ ohun kan nípa àìsàn tí àwọn baba wa ń pè ní àbísínwín.

Ní òru ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ jí, ó wò yíká, kò rí ìyá, kò rí ọmọ. Ẹ̀bá kànga ni ó ti bá wọn. Arábìnrin náà ní ohùn kan sọ fún òun pé kí òun dá ọmọ olọ́mọ padà sínú omi kí ti òun lè jáde wá. Màmá rọra gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí a bá rántí kànga náà, ara wa a máa gbọ̀n.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni ó dìde. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dá àdúrà yín dúró. Ṣùgbọ́n ìyá ìkókó yìí gbọ́dọ̀ dé ilé-ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́." A gbà sí i lẹ́nu. Bí ọkọ̀ ti ń gbé wa lọ, ọ̀rọ̀ wòlíì Èlíjà sọ sí wa lọ́kàn. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tọrọ ikú lábẹ́ igi, áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì ní kó gbààwẹ̀ kún un. Oorun, oúnjẹ àti omi ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un kí Ó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wàásù lórí orí ìwé yẹn, ṣùgbọ́n a kò rí oúnjẹ àti oorun tó wà nínú rẹ̀ rí.

KÍ NI ÀBÍSÍNWÍN?

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkínní, ọ̀pọ̀ ìyá ni í máa sunkún láìnídìí ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá rí ìsinmi àti ìrànlọ́wọ́, yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀: ìyá yóò máa sorí kọ́, oúnjẹ kò ní wù ú, yóò máa rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀kẹta ni àbísínwín gan-an. Nínú 1,000 ìyá tó bímọ, bí 1 tàbí 2 ni ó máa ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yára. Ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́jọ́ Ajé lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lọ́jọ́rú. Àìsàn pàjáwìrì ni, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá. A kì í ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kì í ṣe pé ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìyípadà ńlá tó ń dé bá ara lẹ́yìn ìbímọ, àìsùn, àti àìsàn ọpọlọ tó ti wà nínú ìdílé tàbí tó ti ṣe ìyá náà rí, gbogbo rẹ̀ lè lọ́wọ́ sí i. Bí ìtọ́jú bá sì tètè dé, ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni í yá pátápátá.

OHUN TÍ A FI OJÚ WA RÍ NÍ WỌ́Ọ̀DÙ

Dókítà kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò: ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀, bóyá ibà tàbí kòkòrò àìsàn wà nínú ara, nítorí ìwọ̀nyí náà lè da orí rú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a wò jù lọ ni nọ́ọ̀sì. Ó jókòó kí ojú rẹ̀ àti ojú aláìsàn lè bá ara wọn dọ́gba. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá ìkókó. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí yóò wà pẹ̀lú yín lónìí." Láti ọjọ́ mélòó kan, gbogbo wa ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa arábìnrin yìí lójú ara rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá òun gan-an sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan tó fi ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì ni Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, tó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1952 lórí ìbáṣepọ̀ nọ́ọ̀sì àti aláìsàn. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ìbáṣepọ̀ yẹn wà lára ìwòsàn. Àjèjì ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìfọkàntán yóò dé, wọn yóò jọ dojú kọ ìṣòro náà, nígbà tó bá sì yá, nọ́ọ̀sì yóò rọra yọwọ́ kí aláìsàn lè dá dúró.

Ẹ̀kọ́ kejì: arábìnrin náà pariwo pé, "Ọmọ mi kọ́ nìyí!" Àwa ti bá a jiyàn títí ẹnu fi kan wá. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn, kò sì gbà fún un. Ó ní, "Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ̀rù ń bà yín gan-an ni. Èmi kò rí i bí ẹ ti rí i, ṣùgbọ́n a ó ṣọ́ ẹ̀yin àti ọmọ." Ara arábìnrin náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni í yọ obì lápò.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ààbò. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè gbangba bóyá ohùn náà ń sọ pé kó pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ. Àyà wa já. A rò pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtura ni fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù pé ẹnìkan bi wọ́n. Wọ́n kó ohun tó mú àti ohun tó dà bí okùn kúrò nítòsí rẹ̀, wọ́n ń kọ wákàtí tó sùn àti oúnjẹ tó jẹ sílẹ̀, wọn kò sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹgba, kò sí ìdè. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni oògùn. Ọdún 1952 kan náà ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í lo chlorpromazine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Largactil, fún àwọn alárùn ọpọlọ. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi oògùn ti ń jáde. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí iṣẹ́ wọn dáadáa. Òmíràn nínú wọn a máa mú ọrùn gan, tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà, kí ahọ́n sì wúwo. Ìdílé a rò pé àìsàn ni ó ń le sí i, wọn a sì da oògùn nù. Ẹ padà lọ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè yan èyí tó yẹ.

ÌDÍLÉ WÀ LÁRA ÌTỌ́JÚ

Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe ìyá ọkọ wọlé láti kọ́ ọ ní bí yóò ti máa ṣe, kì í ṣe ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni ó ń lò. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní Àrò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Láńbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1954. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, kí ẹbí kan sì tẹ̀ lé wọn wá láti máa se oúnjẹ, kí ó sì dúró tì wọ́n. Wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a sì padà sáàárín ènìyàn. Ètò yìí gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé, Láńbò sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ohun tó rí ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú ṣì nílò ilé, iṣẹ́, àti ẹni tó ń pè é lórúkọ.

Ǹjẹ́ ilé àdúrà wa ha jẹ́ irú ibẹ̀ bí? Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé wọ́n rí àwọn alárùn ọpọlọ tí a dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní àwọn ilé-ìwòsàn kan, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òfin ìjọba ni yóò kọ́ wa. Ọkùnrin ará Gádárà nì, àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n dè é, kò sàn. Nígbà tí Jésù wò ó sàn, aṣọ ni a bá lára rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ilé rẹ̀ ni Ó sì ní kó padà sí.

ẸNI TÓ PADÀ SÍLÉ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, arábìnrin wa gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì pè é ní oríkì. Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ìjọ, arákùnrin kan gbà á nímọ̀ràn pé kó da oògùn nù kí ẹ̀rí rẹ̀ lè pé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa ni a dìde. A ní ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ kò sẹ́ Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń lo oògùn ìfúnpá kò ti sẹ́ Ẹ. Dókítà ni ó dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dá a dúró. A sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé náà. Ara arábìnrin náà ti yá pátápátá báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a kọ ìtàn yìí láìdárúkọ òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìdílé, ẹ fi èyí sọ́kàn:

1. Bí ìyá ìkókó kò bá lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yéni, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ gba iṣẹ́ òru lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sùn.

3. Ẹ má nà án, ẹ má dè é, ẹ má sì fún un ní ààwẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbààwẹ̀ fún un bí ẹ bá fẹ́.

4. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pè é lórúkọ.

5. Bí ó bá tún lóyún, ẹ tètè sọ fún àwọn agbẹ̀bí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, nítorí ó lè tún wáyé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, bí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín lóru, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Kí Ọlọ́run tó fún Èlíjà ní oorun fún gbogbo ìyá tí oorun dá lójú rẹ̀ ní ìsinmi, kí Ó sì fún àwa tó yí i ká ní ọgbọ́n. Àmín.