"Ẹ Ra Àkàrà Jẹ": Ohùn Obìnrin Ọlọ́jà Nínú Orúkọ Oúnjẹ Bàhíà

Ní Kétu níhìn-ín, lórí ilẹ̀ òkè títẹ́jú ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àkàrà ni a ń pe ẹ̀wà tí a lọ̀, tí a sì dín. Ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà ní Brazil, "acarajé" ni wọ́n ń pè é. Níbo ni "jé" ti wá? Mo gbà pé ẹnu àwọn obìnrin tó ń tà á ló ti wá.

Àlàyé tí àlejò sábà máa ń gbọ́ ní Bàhíà ni pé "àkàrà" túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù iná, "jẹ" sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ti iná yẹn kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ agbada ni iná wà, kò sí nínú orúkọ oúnjẹ náà. Ti "jẹ" tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro gírámà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń ṣáájú àbọ̀ nínú èdè wa; "jẹ àkàrà" ni à bá retí. Inú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni "jẹ" ti lè gbẹ̀yìn àkàrà: "ẹ ra àkàrà jẹ". Ìpolówó ọjà gan-an nìyẹn! Ẹni tí kò gbọ́ èdè, tó ń gbọ́ ìparí igbe náà lójoojúmọ́, yóò mú un bí orúkọ kan ṣoṣo. Ìró náà bá a mu, torí "é" Potogí súnmọ́ ẹ wa ju e lọ. Nínú ilé òrìṣà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í polówó, "acará" lásán ṣì wà.

Kì í ṣe Kétu nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Ketu" ni ẹ̀ka Candomblé tó gbilẹ̀ jù ní Salvador ń jẹ́. Oúnjẹ mìíràn tí wọ́n ń tà níbẹ̀, "acaçá", àkàsà àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ èdè Gbè ni. Ẹ̀kọ ni àwa ń pè é. Èdè méjì ló wà nínú igbá ọjà kan.

Ní ọ̀rúndún 19, ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń kiri ọjà ní Salvador. Wọ́n ń san iye kan fún olówó wọn, èyí tó bá ṣẹ́kù di tiwọn. Àwọn kan fi í ra ara wọn padà. Ní 1939, Dorival Caymmi àti Carmen Miranda gbé "A Preta do Acarajé" jáde nínú àwo. Igbe alákàrà ló dá lé lórí. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí Ife Àgbáyé 2014 ń bọ̀, àwọn alákàrà ní láti jà kí wọ́n tó rí àyè tajà ní pápá Fonte Nova. Wọ́n rí i gbà.