Ohun Tí A Fi Gbẹ́ Ẹ àti Ẹni Tí A Gbẹ́: Ìdámọ̀ Ọnà Eyín Erin àti Ọnà Igi Àtijọ́

Ìbéèrè méjì ni a kì í fò dá nígbà tí ohun ọnà gbígbẹ́ àtijọ́ bá bọ́ sí ni lọ́wọ́. Èkíní ni pé, kí ni a fi gbẹ́ ẹ? Èkejì ni pé, ta ni tàbí kí ni oníṣọ̀nà náà gbẹ́ sí i lára? Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Yúróòpù ń bèèrè nípa kámíò wọn, èyíinì ni àwòrán kékeré tí a gbẹ́ yọ lára òkúta tàbí ìkarahun òkun tí àwọ̀ rẹ̀ pé méjì, tí èyí tí ó funfun di ojú ènìyàn, tí èyí tí ó ṣókùnkùn sì di ẹ̀yìn àwòrán. Òkúta a máa tutù lọ́wọ́. Ìkarahun a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ díẹ̀. Ayédèrú tí a fi ike ṣe kì í tutù, kì í sì í wúwo. Ní ilẹ̀ Yorùbá, eyín erin àti igi ni ó gba ipò òkúta àti ìkarahun wọ̀nyí, ìdámọ̀ wọn kò sì rọrùn ju ti kámíò lọ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré àwọn olówó tí ń kó nǹkan jọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Bìní ní ọdún 1897 tí wọ́n sì kó ààfin Ọba, orúkọ Bìní ni a kọ sí ara ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbé lọ. Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé, tí William Fagg jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, tó fi yéni pé ọwọ́ àwọn agbẹ́nà Ọ̀wọ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ eyín erin náà ti jáde. Láti ìgbà tí Jámánì sì ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 2022 láti dá àwọn ohun ọnà Bìní tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún Nàìjíríà, orúkọ ìlú tí a kọ sí ìdí ohun kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Bí a bá fẹ́ dá eyín erin mọ̀, ojú ibi tí a gé e ní ìbú ni kí a wò. Níbẹ̀ ni a ó ti rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá ara wọn bí ẹní tí a hun. Eyín erin àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ti parẹ́ láyé nìkan ni ó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Tóótòòtó dúdú ni àmì ti eegun, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ a máa gba inú àwọn ihò wínníwínní rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹranko náà wà láàyè, ìdọ̀tí a sì máa kún ibẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Eyín erinmi le ju ti erin lọ, ìlà tirẹ̀ a sì máa yí po bí òrùka. Ike pàápàá lè ní ìlà, ṣùgbọ́n bí ìlà tí a fi rúlà fà ni wọn yóò rí, wọn kì í sì í kọjá ara wọn. Àwọn kan a máa ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ ohun náà láti dán an wò. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Awò kékeré kan tí ń sọ nǹkan di ńlá ti tó fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í ba nǹkan jẹ́.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ọ̀wọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Inú eyín erin kan ṣoṣo ni agbẹ́nà ti gbẹ́ ẹ̀gbà méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí a kò lè yọ wọ́n kúrò lára ara wọn láìfọ́ wọn. Èyí tí ó wà nínú ní àwòrán tirẹ̀, èyí tí ó wà lóde sì ní ihò tí a fi ń rí i. Bí a bá rí ojú àlẹ̀mọ́ lára irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, kí olùrà fi owó rẹ̀ sí àpò.

Igi ni ó ṣòro jù. Osùn, aró, epo àti ọwọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń wẹ ère ìbejì, tí wọ́n ń pa á lára, a máa bo àwọ̀ igi mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí náà ẹni tí ó bá fi àwọ̀ nìkan dá igi mọ̀ yóò ṣìnà. Ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, a kó ewé àti òdòdó igi ilẹ̀ yìí tí a ti sá gbẹ pa mọ́, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ igi ń gbà nìyí: wọn a fá ojú ibi kékeré kan ní ìdí ère, níbi tí kò hàn, wọn a sì fi awò wo ihò tí omi ń gbà gòkè nínú igi àti ìlà tí ó ti àárín rẹ̀ lọ sí èèpo. Ètò ihò àti ìlà wọ̀nyí kì í tan onímọ̀ bí àwọ̀ ti ń tan òǹwòran. Wọn a wá fi wé ti igi tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìrè ni a sábà fi ń gbẹ́ ìbejì. Igi funfun ni, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Apá àti ọmọ dára fún ìlù. Ìrókò ni ti ilẹ̀kùn ńlá, nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tú àṣírí ayédèrú jù lọ ni igi àjèjì. Tíìkì àti mẹ̀láínà, láti Éṣíà ni a ti mú wọn wá gbìn sí ilẹ̀ yìí ní ìgbà ìjọba òyìnbó. Bí ẹnìkan bá wí pé ère òun ti wà kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú, tí a sì bá a pé mẹ̀láínà ni, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ti ohun tí a gbẹ́, ìkánjú ni ó ń ba ìdámọ̀ jẹ́. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ ní orí ìrọ́kẹ́ Ifá kì í ṣe òrìṣà kan pàtó. Ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni agbẹ́nà ń fi hàn. Ère ìbejì a máa ní ọmú àti irùngbọ̀n bí àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ ni ó kú. Ilà ojú rẹ̀, yálà àbàjà, gọ̀mbọ́ tàbí pélé, ni yóò tọ́ka sí ìdílé tàbí agbègbè tí ó ti wá. Ọ̀kan tí ó le ni ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹja àrọ̀ méjì tí ó ká sókè. Ní Bìní, a máa ń so ó mọ́ Ọba àti Olókun. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìlú Yorùbá mìíràn, ẹ̀rí kò tó láti fi orúkọ kan ṣoṣo dè é, èyí tí ó bá sì sún mọ́ òtítọ́ ni kí a kọ ọ́ bí a ti rí i: ẹlẹ́sẹ̀ ẹja. Àwòrán obìnrin onírù ẹja méjì wà lára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó ń tìtorí èyí pe ìyẹn ní Olókun.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù ni ọpọ́n Ifá tí ó wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Allada, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ni a ti gbé e lọ, ó sì ti wọ ìwé àkójọ ohun ìní oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ní ọdún 1659. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀, òun ni ó pẹ́ jù. Pátákó ìrúbọ ni ìwé náà pè é, ó sì ka àwọn ẹyẹ, ẹranko àti ènìyàn tí ó yí i ká sí àwòrán Sàtánì. Ojú tí ó wà ní etí ọpọ́n náà ni ì bá ti là wọ́n lóye. Ojú Èṣù ni, òun sì ni a máa ń kọ sí ọ̀kánkán babaláwo nígbà tí ó bá ń tẹ ìyẹ̀rosùn.