Ṣé o mọ̀? Erékùṣù méjì tó bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ dínkù, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ pọ̀ sí i

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní Singapore gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní 39,000 lọ́dún 1966? Kandang Kerbau ni orúkọ rẹ̀. Pín in sí ọjọ́, wàá rí i pé ó ju ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ lójoojúmọ́, láìyọ ọjọ́ Àìkú, láìyọ ọjọ́ ọdún. Ìwé Guinness tó máa ń kọ àwọn ohun àrà ayé sílẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fún ọdún mẹ́wàá, pé kò sí ilé ìgbẹ̀bí mìíràn tó gbẹ̀bí tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Singapore kò tóbi rárá. Bí o bá pín ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó sí ọ̀nà márùn-ún, nǹkan bí ìdá kan ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2023, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní gbogbo Singapore kò tó iye tí ilé ìwòsàn kan yẹn gbẹ̀bí rẹ̀ ní 1966? Èrò tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà sì ti di ìlọ́po mẹ́ta ti ìgbà yẹn.

Mo fẹ́ kí a wò ó pọ̀ mọ́ erékùṣù mìíràn tó jọ ọ́, ìyẹn Mauritius, nínú Òkun Íńdíà. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì wà tẹ́lẹ̀. Singapore dá dúró ní 1965, Mauritius gba òmìnira ní 1968. Ní méjèèjì, ọmọ Íńdíà àti ọmọ Ṣáínà tí baba ńlá wọn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń bá àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé. Méjèèjì ló sì ti fìgbà kan fòyà pé ọmọ ti ń pọ̀ jù.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ẹ̀fọn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní Mauritius? Ibà ń pa àwọn ènìyàn bí ilẹ̀ bí ẹní nínú oko ìrèké títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí. Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1940, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé oògùn apẹ̀fọn DDT kiri láti ilé dé ilé. Láàárín ọdún díẹ̀, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí ènìyàn ń retí láti lò láyé, tó jẹ́ nǹkan bí ọdún 33, gùn dé nǹkan bí 51. Ikú dẹwọ́, àwọn ìyá sì ń bímọ lọ bí wọ́n ṣe ń bí tẹ́lẹ̀. Wo ohun tí ìkànìyàn sọ: ní 1944, wọ́n lé ní 419,000, ní 1952, wọ́n lé ní 501,000, ní 1962, wọ́n ti lé ní 681,000. Ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ìrèké náà ṣì ni olórí iṣẹ́ tó wà.

Ó kan àwọn ọ̀mọ̀wé lára. James Meade, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ní 1961 pé bí èrò ṣe ń pọ̀ yìí, kò jọ pé Mauritius yóò rí ìdàgbàsókè pẹ̀lú àlàáfíà. Àkókò yẹn náà ni Richard Titmuss àti Brian Abel-Smith rọ ìjọba pé kó gbé ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí dìde kíákíá. Mi ò dá Meade lẹ́bi. Ìṣirò tó wà níwájú rẹ̀ bani lẹ́rù lóòótọ́. Ohun tí kò sí nínú ìṣirò náà ni ọkàn àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n fi máa fún Meade ní ẹ̀bùn Nobel ní 1977, ohun tó ń bẹ̀rù ti ń rọlẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú: àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò iye ọmọ tí obìnrin kan yóò bí láyé rẹ̀ tí ìbímọ bá ń lọ bó ṣe rí lọ́dún náà. Bí iye yìí bá jẹ́ nǹkan bí 2.1, àwọn ọmọ yóò rọ́pò àwọn òbí wọn gẹ́lẹ́. Bó bá wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí àlejò kò sì wọlé, èrò yóò máa dínkù.

Ṣé o mọ̀ bí ó ṣe yá tó? Ní Mauritius, iye náà tó nǹkan bí 6 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tó di 1972, ó ti di nǹkan bí 3.4. Kò sí ogun, kò sí ìyàn. Mauritius kò tíì lówó nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wá sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ lẹ́yìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ní Singapore, ó jẹ́ 4.66 ní 1965, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó ti bọ́ sí abẹ́ 2.1.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni ọ̀nà tí kálukú gbà.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí ní Singapore, ọmọ kẹrin lè padà sẹ́yìn lórí ìlà ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ kẹrin? Ìjọba dá àjọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, Family Planning and Population Board, sílẹ̀ ní 1966. Ní 1972, ìpolongo jáde lójú pópó pé ọmọ méjì tó, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Wọn ò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Owó tí ìyá ń san nílé ìgbẹ̀bí ìjọba ń ga bí iye ọmọ rẹ̀ bá ṣe ń ga. Ìsinmi ìbímọ tí wọ́n ń san owó oṣù fún kò kọjá ọmọ kejì mọ́. Ìdílé elérò púpọ̀ pàdánù àǹfààní tó ní láti tètè rí ilé ìjọba gbà, ilé ìjọba sì ni ìrètí àwọn mẹ̀kúnnù. Nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ọmọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ kẹrin yóò dúró sẹ́yìn, àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́.

Àwa Yorùbá náà ń sọ ọ́ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọn aláṣẹ Singapore ń sá fún. Ṣùgbọ́n èyí tó kan ilé-ẹ̀kọ́ yẹn dùn mí. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kò yan iye ẹ̀gbọ́n tó ní.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé Mauritius gba ọ̀nà tiẹ̀ láìfìyà jẹ ẹnikẹ́ni? Mauritius Family Planning Association bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ìjọ Kátólíìkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa níbẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ nípa oògùn àti rọ́bà ìdáàbòbò. Ìjà ìbá sọ gbogbo rẹ̀ di asán. Ohun tó jọ mí lójú ni pé àwọn Kátólíìkì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1963, wọ́n pè é ní Action Familiale, wọ́n sì ń kọ́ tọkọtaya ní bí a ṣe ń ṣọ́ ọjọ́ tí obìnrin lè lóyún àti èyí tí kò lè lóyún. Ìjọba wá ṣe ìrànwọ́ owó fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ oògùn mọ ibi tó máa lọ, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gba oògùn náà mọ ibi tirẹ̀. Ọgbọ́n ìṣèlú tó yẹ kí a máa kọ́ àwọn olórí nìyí.

Òmíràn rèé. Òfin tó fàyè gba ìṣẹ́yún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Singapore lọ́dún 1970. Òfin Mauritius tí wọ́n ṣe láti 1838 kà á léèwọ̀ títí di 2012, ìgbà tí wọ́n fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀ràn bíi ewu ẹ̀mí ìyá àti ìfipábánilòpọ̀. Èèwọ̀ yẹn kò ní kí àwọn obìnrin má ṣe é níkọ̀kọ̀, ó kàn jẹ́ kó léwu fún wọn ni. Ìbímọ wálẹ̀ ní ìlú méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé olórí ìjọba kan ti dúró níwájú gbogbo ìlú, tó ń kédàárò pé àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ obìnrin tó jáde yunifásítì? Lee Kuan Yew ti Singapore ni, ní August 1983, nínú ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ará ìlú sọ ní àsìkò ọdún òmìnira. Ó ní àwọn obìnrin tó kàwé jù ni kì í bímọ, àwọn tí kò kàwé ló ń bí, ó sì gbà pé ọpọlọ ìran tó ń bọ̀ wà nínú ewu. Ní 1984, ìjọba ní kí ọmọ àwọn ìyá tó jáde yunifásítì, tó bá ti bí mẹ́ta, máa ríbi wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú. Lọ́dún kan náà, ó ṣèlérí dọ́là Singapore 10,000 fún obìnrin tí kò kàwé púpọ̀, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bó bá gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun lẹ́yìn ọmọ kìíní tàbí èkejì. Wọ́n tún dá ẹ̀ka ìjọba kan sílẹ̀, Social Development Unit, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ alárinà: ó ń ṣètò ijó àti ìgbafẹ́ fún àwọn àpọ́n àti omidan tó jáde yunifásítì.

Inú bí àwọn ènìyàn, títí kan àwọn obìnrin tó kàwé tí wọ́n ní torí wọn ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n dìbò ní December 1984, ìbò ẹgbẹ́ òṣèlú Lee já wálẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lé ní 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ̀. Ní 1985, ìjọba pa ètò ilé-ẹ̀kọ́ náà tì. Wọ́n ka ọmọ tálákà sí ẹrù, wọ́n ka ọmọ ọ̀mọ̀wé sí ẹ̀bùn; àwọn ará ìlú tó kọ̀ ọ́ ṣe ohun tó tọ́.

Nígbà tó fi di March 1987, Singapore ti yíjú padà pátápátá. Goh Chok Tong, igbákejì Lee nígbà náà, kéde pé kí ẹni tó bá lágbára bí mẹ́ta, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba tó ń ní kí àwọn ènìyàn dá a dúró sórí méjì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ogún ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé dírágónì ran ìjọba lọ́wọ́ ju owó lọ? Àwọn ọmọ Ṣáínà, tí wọ́n pọ̀ jù ní Singapore, gbà pé ọmọ tí a bí ní ọdún Dírágónì máa ń lóríire, ọdún náà sì máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjìlá. Ní 1987, iye ọmọ obìnrin kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.62, ní 1988, ọdún Dírágónì, ó fò dé 1.96, ìlànà tuntun sì kún un lọ́wọ́. Ó tún ga díẹ̀ ní 2000 àti 2012. Ọdún 2024 náà jẹ́ ọdún Dírágónì. Iye náà dúró síbi tó wà ní 2023: 0.97.

Owó ńkọ́? Wọ́n ná an. Láti 2001 ni Singapore ti ń san owó tí wọ́n pè ní Baby Bonus. Ẹni tó bímọ kìíní tàbí èkejì báyìí ń gba dọ́là Singapore 11,000, ọmọ kẹta sókè sì ń mú 13,000 wọlé, yàtọ̀ sí àwọn ìrànwọ́ mìíràn. Ìyá ní ọ̀sẹ̀ 16 ìsinmi ìbímọ, bàbá ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, iṣẹ́ ń gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìdíje ìdánwò àwọn ọmọ sì le débi pé òbí ń wo títọ́ ọmọ kan bí iṣẹ́ tó tó èèyàn. Àwọn àlejò ló ń dí àlàfo náà: ní 2024, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà tó ń gbé ibẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 1.8 tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú títí láé.

Mauritius náà dé ibẹ̀. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni iye rẹ̀ ti wà lábẹ́ 2, kò sì tó 1.5 mọ́ báyìí. Rodrigues, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló ṣì ń bímọ ju ilẹ̀ ńlá lọ. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san rúpì 2,000 lóṣooṣù ní 2023 fún àwọn ọmọ tí kò tíì kọjá ọdún mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé bàbá ló jẹ olórí nígbà tí ọmọ ń dínkù, ọmọ rẹ̀ ló wá ń gbé ẹrù rẹ̀? Seewoosagur Ramgoolam ṣe olórí ìjọba Mauritius láti òmìnira títí di 1982. Tẹ́lẹ̀, ìlú náà máa ń san owó àgbà fún gbogbo ẹni tó bá pé ọgọ́ta ọdún, ìbáà ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ìbáà má ṣe é. Ní June 2025, ìjọba Navin Ramgoolam, ọmọ rẹ̀, kéde pé ọjọ́ orí náà yóò máa ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 65, nítorí àwọn àgbà ń pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ san owó náà sì ń dínkù. Àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro láti fẹ̀hónú hàn.

Ìjìyà ni Singapore lò, ìmọ̀ràn ni Mauritius lò, síbẹ̀ méjèèjì bọ́ sí abẹ́ 2.1. Ohun tí wọ́n jọ ní ni pé àwọn ọmọ wọn dẹ́kun kíkú, àwọn ọmọbìnrin wọn lọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn obìnrin wọn rí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, ìfètò-sọ́mọ-bíbí sì wà nítòsí ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Èmi gbà pé àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ló ṣe iṣẹ́ náà, pé ìjìyà Singapore kò fi nǹkan púpọ̀ kún un ju ìrora lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà náà ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 1988, pé kí obìnrin kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ? Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 fi hàn pé iye ọmọ obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ 4.8, àti pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 110 ni ikú ń mú lọ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Bí àwọn aláṣẹ wa bá tún fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ iye ọmọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọ̀n ẹ̀fọn àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ṣáájú, kí wọ́n sì fi iye tí tọkọtaya yóò bí sílẹ̀ fún tọkọtaya.